Sí Àjọkẹ́ tó ń lọ sí Mobile

Abẹ́òkúta

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Inú èmi àti ìyá rẹ dùn pé University of South Alabama ti gbà ọ́ láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ẹbí ń bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe Houston tàbí Atlanta, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Mo ti kàwé dáadáa nípa Mobile, ìlú ní ìpínlẹ̀ Alabama tí yunifásítì rẹ wà, ọkàn mi sì balẹ̀ sí i.

Kì í ṣe ìlú ńlá, kì í sì í ṣe abúlé. Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní 2020, èèyàn bí 187,000 ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1702. Gẹ̀ẹ́sì gbà á, Sípéènì gbà á, kí Amẹ́ríkà tó gbà á ní 1813. Odò Mobile ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú wọ inú ọ̀sà, ọ̀sà sì já sí òkun, òun ló jẹ́ kí èbúté wọn gbayì. Èédú àti kọ̀ńténà ń gba ibẹ̀ kọjá. Láti 2015 ni Airbus ti ń to bàálù pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi pẹ̀lú, àmọ́ irú iṣẹ́ yẹn kò rọrùn fún àlejò láti wọ̀. Má ṣe gba iṣẹ́ kankan láìkọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè.

Mobile wà lára àwọn ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kẹfà dé òpin oṣù Kọkànlá ni ìgbà ìjì líle. Omi tí ìjì Katrina tì wọlé ní 2005 bo àárín ìlú. Bí ìjọba bá ní kí ẹ kúrò nílé, kúrò. Nítòsí yunifásítì ni kí o gba yàrá, níbi tó jìnnà sí omi.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Létí odò, ní àríwá ìlú, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Africatown. O mọ̀ pé ní 1851 ogun Dàhòmì wá bá wa ní Abẹ́òkúta, àwọn baba wa sì lé wọn padà. Ìlú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kossola kò rí irú ẹ̀ ṣe. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òní, kò ju ọmọ ọdún bí 19 lọ. Ní 1860 àwọn ọmọ ogun Dàhòmì mú un lẹ́rú, wọ́n kó o dé èbúté Ouidah, ọ̀gákọ̀ William Foster sì ra òun àti àwọn mìíràn, èèyàn bí 110, sínú ọkọ̀ Clotilda; Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile, ló fowó sí ìrìn àjò náà. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, nítorí náà òru ni wọ́n kó wọn wọ Mobile, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà. Ọdún 2019 ni àwọn onímọ̀ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù rẹ̀ ni wọ́n rí.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, wọ́n fẹ́ padà wálé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ní kí Meaher fún wọn nílẹ̀, ó kọ̀. Àwọn ọkùnrin ń la gẹdú, àwọn obìnrin ń ta ẹ̀fọ́, títí wọ́n fi ra ilẹ̀ fúnra wọn, ibẹ̀ ló di Africatown. Wọ́n yan olórí àti adájọ́, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní 1872. Gumpa tí wọ́n fi ṣe olórí, ọmọ Dàhòmì ni, ọmọ ilẹ̀ tó tà wọ́n! Èmi kò mọ̀ bóyá mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kossola wà láàyè títí di 1935, ilé kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Lọ sí Africatown Heritage House, ilé àfihàn ìtàn wọn tí wọ́n ṣí ní 2023, àmọ́ má ṣe dúró síbẹ̀. Lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Sunday, kí àwọn àgbà wọn bí o ṣe ń kí wa nílé. Mi ò fẹ́ gbọ́ “akátá” lẹ́nu rẹ láéláé, ì báà jẹ́ gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó yí ọ ká ló ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ léèrè ta ló ta àwọn baba wọn, sọ òtítọ́ fún wọn, kí o jókòó gbọ́ ohun tí wọ́n bá fi dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.