Ẹ̀sùn Lórí Ojú Òpó X Yín Tí Kì Í Tètè Sọ Fún Èrò

Kétu,
Èkó.

Sí Alákòóso Àgbà,
Ilé Iṣẹ́ Ọkọ̀ Èrò,
Èkó.

Alàgbà,

Bọ́ọ̀sì yín ni mò ń wọ̀ láti Kétu lọ sí Ọbáléńdé. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó kọjá, a tò títí, bọ́ọ̀sì kankan kò yọjú. Òṣìṣẹ́ yín tó wà ní ibùdókọ̀ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀; "Ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀" ló ń tẹnu mọ́. Mo ṣí ojú òpó X yín. "Ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun" pẹ̀lú àwòrán bọ́ọ̀sì tó ń dán ni mo bá níbẹ̀. Mo béèrè lábẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn náà béèrè, ẹ kò fèsì. Ọ̀sán ti ń sún mọ́ kí ẹ tó kọ ọ́ pé ọkọ̀ kan ló dẹnu kọlẹ̀ lórí afárá Third Mainland.

Irin ni ọkọ̀, ó lè bàjẹ́. N kò bá yín jà nítorí ìyẹn. Ẹni tó bá tètè gbọ́ á wọ dánfó ní iye tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá dúró dè yín, kọ́ńdọ́ ti rí i pé èrò pọ̀, owó ti lé sókè. Obìnrin kan tó pọn ọmọ wà níwájú mi, ọsibítù àwọn ọmọdé ló ń lọ. Inú káàdì Cowry tí a fi ń sanwó bọ́ọ̀sì ni owó ọkọ̀ rẹ̀ wà, kọ́ńdọ́ dánfó kì í sì í gba káàdì. Àwa tó wà nítòsí la dá owó fún un. Ó dùn mí gan-an.

Láti ọdún 2017, nígbà tí X ṣì ń jẹ́ Twitter, ni ojú òpó náà ti fàyè gba lẹ́tà 280 nínú ìkéde kan. "Ọkọ̀ bàjẹ́ lórí afárá, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn" kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ẹ fi èdè Yorùbá kọ ọ́ pẹ̀lú, torí àwọn ìyá ọlọ́jà náà ń wọ ọkọ̀ yín.

Ẹ má sì fi mọ síbẹ̀ nìkan, torí ojú òpó náà lè dákẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ èrò New York dá ìkéde wọn dúró níbẹ̀ nítorí owó tí Twitter fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ wọn, kí Twitter tó fagi lé owó náà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó kéde rẹ̀ fún ẹni tí kò ní dátà.

Mo fẹ́ kí ẹ yan ẹni tí yóò máa jókòó ti ojú òpó náà láti ìdájí, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi láti sọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Èrò ọkọ̀ yín láti Kétu.