Òfin gba rédíò Kánádà là, kò gba tẹlifíṣàn wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nígbàkígbà tí ìjíròrò bá dé orí bí àṣà Amẹ́ríkà ṣe ń bo ti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tó o mọ́lẹ̀, àwọn kan á ní òfin ìjọba kò lè dá àṣà dúró, wọ́n á sì fi Kánádà ṣe ẹ̀rí. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ pé ẹ̀rí náà kò gbè wọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Ní Kánádà, òfin ṣiṣẹ́ gan-an níbì kan, ó sì já sí pàbó níbòmíràn. Kì í ṣe ìfẹ́ ilé ẹni ló fa ìyàtọ̀ náà, iye tó ń náni láti ṣe nǹkan náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe jókòó sí. Àwọn ará Kánádà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 40, Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 330. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ará Kánádà ló ń gbé láàárín kìlómítà 160 sí ẹnubodè, Gẹ̀ẹ́sì kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ, nítorí náà rédíò àti tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ń bá wọn nílé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pierre Trudeau, olórí ìjọba wọn, sọ ní Washington lọ́dún 1969 pé àfi bí ẹni tó ń bá erin sùn: bó ti wù kí erin náà níwà pẹ̀lẹ́ tó, gbogbo bó ṣe ń yí ara padà lẹni tó sùn tì í ń mọ̀ ọ́n lára. Àjànàkú sì kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ìgbìmọ̀ ìjọba Kánádà tí Sir John Aird darí ti rí ewu yìí lọ́dún 1929, wọ́n dábàá pé kí rédíò jẹ́ ti gbogbo ìlú, ìdí abájọ nìyẹn tí CBC, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba wọn, fi dé lọ́dún 1936.

Ọ̀rọ̀ rédíò ni mo fẹ́ dúró lé. Ní oṣù kìíní ọdún 1971, àjọ CRTC tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣàn pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ rédíò AM pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún orin tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Kánádà. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ orin tó jẹ́ ti Kánádà? Ìbéèrè mẹ́rin ni, MAPL ni wọ́n ń pè é. Ṣé ọmọ Kánádà ló ṣẹ̀dá ohùn orin náà? Ṣé òun ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Ṣé ọmọ Kánádà ló kọ ọ́ jáde lẹ́nu? Ṣé Kánádà ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin? Bí ìdáhùn sí méjì nínú mẹ́rin bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, orin náà wọlé. Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí orin náà ń sọ.

Àwọn oníléeṣẹ́ rédíò kò fẹ́ ẹ rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ni pé wọ́n kó orin ilẹ̀ wọn sí òru àti ìdájí, nígbà tí àwọn olùgbọ́ kò tó nǹkan, kí ìṣirò ṣáà lè pé. Àwọn ará inú iṣẹ́ náà tilẹ̀ fi orúkọ beaver, ẹranko tó jẹ́ àmì orílẹ̀-èdè wọn, pe àwọn wákàtí òkú yẹn. Ìdí nìyẹn tí òfin tó wà nílẹ̀ láti ọdún 1999 fi ní apá méjì fún orin tó gbajúmọ̀: ìdá 35 fún gbogbo ọ̀sẹ̀, àti ìdá 35 mìíràn lọ́tọ̀ láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Apá kejì yìí lagbára òfin náà wà. Ẹni tó bá ṣe irú òfin yìí tí kò kọ aago sí i, omi ló ń fi agbọ̀n gbọ́n. Fún àwọn rédíò elédè Faransé, ìlànà náà tún le sí i: ìdá 65 nínú orin tó ní ọ̀rọ̀ jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èdè Faransé, ó sì gbọ́dọ̀ tó ìdá 55 ní ojú ọ̀sán kan náà.

Ó kọsẹ̀ o. Lọ́dún 1991, Bryan Adams, tí wọ́n bí ní Kánádà, gbé àwo orin tuntun jáde. Nítorí pé òun àti Mutt Lange, tí kì í ṣe ọmọ Kánádà, ni wọ́n jọ kọ ọ́, tí kì í sì í ṣe Kánádà nìkan ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, púpọ̀ nínú orin náà kò ní ju àmì kan lọ. Ariwo sọ. Lọ́dún 1993 wọ́n tún ìlànà náà ṣe: bí ọmọ Kánádà bá bá àlejò kọ orin, tí ó sì ní ìdajì, ó kéré tán, nínú ohùn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, orin náà wọlé, bí ọmọ Kánádà bá ṣáà ti kọ ọ́ lẹ́nu tàbí bí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ ní Kánádà. Àṣìṣe tó ṣeé tún ṣe ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé òfin kò wúlò. Orin kò gbówó lórí jù, èèyàn díẹ̀ àti yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan lè ṣe é. Bí òfin bá ti lè rí i dájú pé wọ́n á lù ú, àwọn tó máa ṣe é kò ṣòro rí.

Tẹlifíṣàn kọ́ nìyẹn. Eré onítàn wákàtí kan gbówó lórí gidigidi. Ti Amẹ́ríkà ti rí púpọ̀ nínú owó rẹ̀ gbà padà nílé kó tó kọjá ẹnubodè, nítorí náà ilé iṣẹ́ Kánádà lè rà á ní ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ohun tó máa ná òun láti ṣe tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin sọ pé ìdá 60 nínú ètò tẹlifíṣàn aládàáni, àti ìdá 50 ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí òru, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Kánádà. Ìròyìn àti eré ìdárayá ni wọ́n fi dí i, torí pé wọn kò gbówó lórí tó eré onítàn.

Òdiwọ̀n tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún lò fún eré náà ní máàkì mẹ́wàá fún iṣẹ́ tí ọmọ Kánádà bá ṣe: olùdarí gba máàkì méjì, òǹkọ̀wé gba méjì, òṣèré àkọ́kọ́ àti èkejì gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ayàwòrán, olùto-fíìmù, ẹni tó ṣètò ibi eré àti ẹni tó ṣe orin rẹ̀ náà gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ló kéré jù. Kò sí máàkì fún ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Èèyàn lè fi Toronto ṣe New York, kí ó sì gba máàkì pé.

Èyí tó tún dùn mí ni òfin ìpààrọ̀ ti 1972. Bí ilé iṣẹ́ Kánádà bá ń gbé ètò Amẹ́ríkà jáde ní àsìkò kan náà pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fa wáyà tẹlifíṣàn wọ ilé gbọ́dọ̀ fi ti Kánádà rọ́pò ti Amẹ́ríkà, kí ìpolówó ọjà Kánádà lè hàn. Owó wọlé lóòótọ́. Àmọ́ kí ó tó lè wọlé, àfi kí ilé iṣẹ́ náà to ètò alẹ́ rẹ̀ bí Amẹ́ríkà ṣe to tirẹ̀. Òfin tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n ló gbé wákàtí tó dára jù lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

Ti ìwé ìròyìn kò gùn. Láti 1965, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni aṣọ́bodè fi ń dá ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó bá ní ìpolówó tí wọ́n dìídì ṣe fún ọjà Kánádà padà. Lọ́dún 1993, Sports Illustrated, ìwé ìròyìn eré ìdárayá Amẹ́ríkà, fi ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí sátẹ́láìtì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nínú Kánádà. Aṣọ́bodè kò rí nǹkan kan dá padà. Owó orí ìdá 80 tí ìjọba gbé lé ìpolówó inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1995 sì wó lulẹ̀ níwájú àjọ ìṣòwò àgbáyé lọ́dún 1997.

Ní báyìí, fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní aago mẹ́fà àárọ̀, nítorí náà apá tó lágbára jù nínú òfin rédíò kò ríbi dúró níbẹ̀. Òfin tuntun ti 2023 yíjú sí owó: ní oṣù kẹfà ọdún 2024, CRTC ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gbé fídíò àti orin jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì san ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún nínú owó tí wọ́n ń pa ní Kánádà sí àpò tó ń ran àwọn tó ń ṣe ètò ilẹ̀ náà lọ́wọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ lọ. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ló bá àìsàn náà mu, torí owó ni eré onítàn ti ń jìyà látilẹ̀. Àmọ́ àdéhùn ìṣòwò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 láàárín Kánádà, Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò fún Kánádà láyè láti dáàbò bo àṣà rẹ̀, ó sì fún Amẹ́ríkà láyè láti gbẹ̀san ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀san náà kò sì ní láti wá sórí fíìmù. Nígbà ìjà ìwé ìròyìn lọ́dún 1999, irin, igi àti aṣọ Kánádà ni Amẹ́ríkà halẹ̀ mọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín