Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí dọ́bù kíróṣè

Mọ̀kọ́lá,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara rẹ le ní Leeds lọ́hùn-ún. A óò gbóhùn ìyá, a óò gbóhùn ọmọ, lágbára Ọlọ́run. O ní kí n kọ bí a ṣe ń ṣe dọ́bù kíróṣè, ìyẹn ojú gíga tí a ń fi abẹ́rẹ́ kíróṣè onírìkọ́ hun, ránṣẹ́ sí ọ, kí o lè fi hun ìborùn ọmọ. Bí Ìyá Ṣadé ṣe ń kọ́ wa ni mo kọ yìí.

Jọ̀wọ́, má ra òwú dúdú. Ìyá Ṣadé kì í jẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kàn án, nítorí pé ojú iṣẹ́ kì í hàn nínú rẹ̀, àgàgà bí wọ́n bá múná lọ ní ìrọ̀lẹ́. Òwú funfun tàbí aláwọ̀ ìyeyè tí ó nípọn díẹ̀ ni kí o wá, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kíróṣè 5 mm.

Bí o bá fẹ́ ojú 20, ẹ̀wọ̀n 22 (ojóbó tí a fà gba inú ara wọn tẹ̀ léra) ni kí o fà, nítorí pé mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn ni yóò nàró gẹ́gẹ́ bí ojú kìn-ín-ní, inú ẹ̀wọ̀n kẹrin láti ẹnu abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí wíwé yìí gan-an ni ó ń mú kí ojú náà ga, kí o wá ti abẹ́rẹ́ bọ inú ẹ̀wọ̀n náà, kí o sì fa òwú jáde. Ojóbó mẹ́ta ni yóò wà lórí abẹ́rẹ́. Tún òwú wé, fà á gba inú ojóbó méjì, yóò ku méjì. Wé e lẹ́ẹ̀kan sí i, fà á gba inú méjèèjì, yóò ku ẹyọ kan. Ojú kan ti parí nìyẹn.

Ọwọ́ òsì ni ó ń yọ ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu. Òwú gbọ́dọ̀ gba orí ìka ìfábẹ̀lá, kí ìka tí ó kéré jù sì dì í mú díẹ̀, kí ó lè máa yọ́ jáde bí a bá ṣe ń fà á. Bí òwú bá le jù, Ìyá Ṣadé yóò fi àtàǹpàkò ti iṣẹ́ náà wò, wọn yóò bojú wò ọ́, wọn yóò ní, "Ta ni o ń bá jà?"

Ní ìparí ìlà, fa ẹ̀wọ̀n mẹ́ta, kí o yí iṣẹ́ padà. Ẹ̀wọ̀n mẹ́ta yìí ni ojú kìn-ín-ní ìlà tuntun, nítorí náà fo ojú tí ó wà ní ìdí rẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ láti inú èkejì. Bí o bá dé òpin, ṣe ojú kan sórí ẹ̀wọ̀n kẹta ti ìlà ìsàlẹ̀; ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń fò, tí aṣọ wọn yóò sì máa tín-ín-rín lọ sókè. Máa ka ojú ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n má ka ojóbó tí ó wà lórí abẹ́rẹ́ mọ́ ọn.

Ṣọ́ra fún ìwé tí o bá rà níbẹ̀ o. Orúkọ ti Amẹ́ríkà ni à ń lò nílé Ìyá Ṣadé, nítorí fídíò wọn ni à ń wò. Treble ni Ìlú Ọba ń pe ojú yìí, ojú kúkúrú ni wọ́n ń pè ní double. Bí o bá rí single crochet, orúkọ tí Amẹ́ríkà ń pe ojú kúkúrú, nínú ìwé náà, ti Amẹ́ríkà ni.

Ní tèmi, mo fẹ́ràn ojú gíga yìí fún ìborùn ju ojú kúkúrú lọ, nítorí pé ó máa ń rọ̀, iṣẹ́ sì máa ń yá. Kìkì pé kí o má ṣe yan bátànì oníhò ńlá, kí ìka ọmọ má baà há síbẹ̀.

Bí o bá ti ṣe ìlà mélòó kan, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè fi han Ìyá Ṣadé. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fúnmiláyọ̀.