Ráútà tó ń kú tó ń jí: lẹ́tà ẹ̀sùn láti Ìlódè

Àdúgbò Ìlódè,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti pe nọ́ńbà yín lẹ́ẹ̀mẹfà, mo sì ti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ṣọ́ọ̀bù yín ní Lágere lẹ́ẹ̀mejì, lórí ráútà 4G, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé, tí mo rà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹni àná sọ fún mi kì í bá tẹni òní mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ẹnì kan ṣoṣo lè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Á gùn díẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ro ẹjọ́ ẹ̀rọ láìsọ ohun tí mo wọ̀n àti bí mo ṣe wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún ni mo rà á, ₦38,500, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Èmi, àbúrò mi ọkùnrin, àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí wọ́n ń lọ sí yunifásítì la jọ ń gbé inú ilé bàbá wa. Tẹ́lẹ̀, oníkálukú ló ń ra dátà tirẹ̀ sórí fóònù, owó náà sì ń dunni. A ní ká dáwó jọ, ká ra ẹyọ kan tí gbogbo wa á máa lò. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kánádà náà fẹ́ kí n máa rí ọmọ-ọmọ mi lójú tẹlifíṣọ̀n, dípò ojú fóònù tí mo máa ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú.

Kí n tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí mo gbé ráútà sí kò dáa. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo tì í sí, lórí àpótí irin tí bàbá wa ń kó ìwé ilẹ̀ sí nígbà ayé wọn, torí pé ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Irin lábẹ́, tẹlifíṣọ̀n níwájú, ògiri lẹ́yìn. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ṣe é, òdo ni mi ò bá fún un. Ilé wa, ilé àtijọ́ ni. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, sìmẹ́ǹtì la kàn fi rẹ́ ẹ lójú. Mo fi téèpù télọ̀ wọn èyí tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá mi: íǹṣì 17. Tí mo bá wọ yàrá, àmì Wi-Fi orí fóònù á ku ìlà kan ṣoṣo.

Mo wá gbé ráútà lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí títì, mo gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù onípákó, kó ga ju orí ènìyàn lọ. 7 Mbps (ìwọ̀n bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó) ni mo ń rí nínú pálọ̀ kí n tó gbé e; lójú fèrèsé, ó di 19. Lẹ́yìn ògiri oní-íǹṣì 17 yẹn, ó ń rìn láàárín 8 sí 9. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wò ó, láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Alẹ́ ló ń wálẹ̀ jù, torí gbogbo àdúgbò ló ń fà lára òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà nígbà yẹn. Ìyẹn kò bí mi nínú. 8 tó mi í wo ọmọ-ọmọ mi.

Mo tún wọ inú ráútà láti ojú fóònù, ní 192.168.1.1, àdírẹ́sì tó ń ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń tò ó. Admin ni orúkọ tó ṣí i, admin náà ni páswọ́ọ̀dù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún àwọn tó ń ra ọjà yín pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e délé, torí ọmọ aládùúgbò tó bá ti wà lórí Wi-Fi ilé lè wọ ibẹ̀, kó sì lé onílé síta. Mo pààrọ̀ tèmi. Mo rí i pé WPA2 ló fi ń dáàbò bo Wi-Fi, ìyẹn dáa. Mo rí i pẹ̀lú pé ojú ọ̀nà Wi-Fi (channel) 6 ni gbogbo ilé tó yí wa ká kóra jọ sí, mo sì gbé tiwa lọ sí 11. Lórí ìgbì 2.4 GHz tí ẹ̀rọ yín ń lò, 1, 6 àti 11 ni kì í wọ inú ara wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa páálí yín. 300 Mbps lẹ kọ síwájú rẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú àwòrán ìdílé kan tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ọmọ àbúrò mi ti rò pé 300 la óò máa rí. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé fún un pé àárín ráútà àti fóònù ni 300 yẹn wà, lórí ìwé sì ni; kì í ṣe ohun tí òpó ń gbé wá. Nínú ìwé pélébé tó wà nínú páálí kan náà, ẹ kọ ọ́ pé 4G Cat 4 ni ẹ̀rọ náà. Cat 4 ni ìpele ẹ̀rọ náà láàárín àwọn ẹ̀rọ 4G, 150 Mbps ló sì mọ, ìyẹn nígbà tí gbogbo nǹkan bá pé, tí kò sì sí ẹlòmíràn lórí òpó. Báwo ni 150 ṣe máa wọlé, tí 300 á jáde? N kò pè yín lẹ́jọ́ lórí èyí, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ráútà lẹ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ lè kọ 150 síwájú, kí ẹ kọ 300 sẹ́yìn.

Ẹjọ́ mi gan-an rèé: ráútà yìí máa ń kú, á sì tún jí fúnra rẹ̀.

Iná kéékèèké mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Á máa ṣiṣẹ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Lójijì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á ṣókùnkùn bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, iná àkọ́kọ́ á tàn. Ti Wi-Fi á tẹ̀lé e, á máa ṣẹ́jú. Ti òpó á pọ́n, á pọ́n títí, kó tó di àwọ̀ ewé. Mo fi aago ọwọ́ mi kà á: ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ sí ìṣẹ́jú méjì kí fóònù tó tún rí íntánẹ́ẹ̀tì. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọmọ-ọmọ mi ń ka ábídí fún mi. Ó dé orí "gb", ojú rẹ̀ gan pa lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nígbà tí ráútà yóò fi jí, wọ́n ti gbé e lọ sùn, torí ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwọn.

Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, dé ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ó kú nígbà 47. Nínú 47 yẹn, 41 ṣẹlẹ̀ láàárín agogo méje sí mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí gbogbo wa wà nílé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ yín sọ fún mi. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Màmá, ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án." Mo ní, ọmọ mi, ó ń pa ara rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀, kí ló wá kù tí èmi fẹ́ ṣe? Ẹnì kejì ní kí n fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, kí n ka ení dé ẹ̀wá. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti tò sínú rẹ̀ pa rẹ́, mo tún jókòó tò ó lákọ̀tun. Kò tó wákàtí kan tó tún kú. Ẹnì kẹta ní iná NEPA ni kò dúró déédéé. Mo so ó mọ́ ínfátà fún alẹ́ mẹ́ta, níbi tí bátìrì ti ń gbé e, tí iná kò ṣẹ́jú rárá. Ó kú nígbà 5, nígbà 4, nígbà 6. Ẹnì kẹrin ní SIM ti bàjẹ́. Mo yọ SIM, mo fi sínú fóònù, mo gbé fóònù sójú fèrèsé kan náà fún wákàtí méjì. Kò já lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì karùn-ún, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ló bi mí pé, "Ẹ má bínú mà, ṣé ilé alámọ̀ lẹ̀ ń gbé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀hẹ́ẹ̀n, ògiri yín ni, mà." Ẹnì kẹfà tún ka ọ̀rọ̀ ògiri yìí kan náà fún mi bí ẹni ń ka àkọ́sórí.

Ọ̀gá mi, inú bí mi, kì í sì í ṣe nítorí ilé bàbá mi nìkan. Ògiri lè dín agbára Wi-Fi kù, èmi fúnra mi ti sọ bẹ́ẹ̀ lókè. Ògiri kì í pa iná ẹ̀rọ tó wà lójú fèrèsé. Ẹ̀rọ tí gbogbo iná rẹ̀ ń pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Mo dán nǹkan kan wò. Mo fi fóònù mi nìkan sórí Wi-Fi fún wákàtí méjì: kò kú. Mo pe gbogbo ilé jọ, fóònù mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n, mo ní kí kálukú wo fídíò: kò pé ogún ìṣẹ́jú tó kú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà yẹn ni mo dojú ráútà délẹ̀, tí mo wọ gíláàsì mi. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹ kọ ọ́ pé 12V, 1A. Mo fa ṣájà tó bá a wá nínú páálí yọ lára ògiri. Ìkọ̀wé ara rẹ̀ rẹ̀ léérú, ó sì kéré débi pé fọ́tò ni mo yà á, tí mo wá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. 12V, 0.5A.

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì mi rí ti mọ èyí tó kù. Ẹ fi áḿpíà (A) sọ fóltì (V) di púpọ̀, wáàtì lẹ óò rí. Ẹ̀rọ yín lè fẹ́ tó wáàtì 12 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn; 6 péré ni ṣájà yín lè gbé. Tí ó bá jẹ́ fóònù kan, 6 á rọ́gbọ́n dá sí i. Tí gbogbo ilé bá dé lálẹ́, agbára kò tó mọ́, fóltì á já wálẹ̀, ẹ̀rọ á kú; bó bá ti kú, ẹrù á kúrò lórí ṣájà, á tún jí. Bí ìgbà téèyàn gbé garawa omi tó kún ru ọmọ ọdún mẹ́fà ni: á rìn díẹ̀, á sọ̀ ọ́, á tún gbé e.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, mo lọ yá ṣájà dikódà Ìyá Ìbejì tó múlé tì wá. 12V, 1.5A ló wà lára tiẹ̀. (Áḿpíà ṣájà lè ju ohun tí ẹ̀rọ ń fẹ́ lọ, kò ní pa á lára, fóltì ni kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Mo tún wo àwòrán róbótó ara àwọn méjèèjì: àmì àròpọ̀ wà nínú, àmì àyọkúrò wà níta.) Láti alẹ́ ọjọ́ náà títí di àárọ̀ yìí tí mò ń kọ lẹ́tà, ráútà kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òpó kan náà, SIM kan náà, ògiri kan náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo kó ṣájà yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ mi jálẹ̀, ó yẹ́ mi sí, ó fún mi níjòókòó. Ó ní wáráńtì ọdún kan tí ẹ fún wa, ráútà ló wà fún, kò kan ṣájà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wo ṣájà ti páálí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì fún àwọn tó fẹ́ yẹ ọjà wò. Ó wò ó, ó dákẹ́, ó tún wò ó. 0.5A náà ni. Ẹ má torí lẹ́tà yìí fìyà jẹ ọmọ yẹn o, òun kọ́ ló kó ṣájà sínú páálí.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ fún mi ní ṣájà 12V, 1A tó bá ráútà yín mu, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ kò lè ta ẹ̀rọ pẹ̀lú ohun tí kò lè gbé e, kí ẹ ní ohun náà kò sí nínú wáráńtì. Dátà oṣù kan tí mo rà ń parí lọ́jọ́ 16, oṣù yìí; ẹ fi ọjọ́ 14 kún un, torí alẹ́ tí a nílò rẹ̀ gan-an ni kò sí. Ẹ yẹ àwọn páálí yòókù wò, kí ẹ sì pe àwọn tó ti rà á. N kò rò pé èmi nìkan ni ráútà ń kú fún ní Ifẹ̀ yìí, ẹlòmíràn á ti gbà fún yín pé ògiri òun ni. Ẹ sì fi ìbéèrè kan kún èyí tí àwọn tó ń gbé fóònù máa ń kà fún wa: "Kí ni wọ́n kọ sára ṣájà yín?"

Tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ 23, oṣù yìí, màá pe 622 ti NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, màá sì fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ yẹn sílẹ̀ sọ ọ́ pé ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó péye. N kò fẹ́ kó débẹ̀.

Mo fi fọ́tò mẹ́ta mọ́ lẹ́tà: ìsàlẹ̀ ráútà, ara ṣájà yín, àti rìsíìtì. Ọjọ́ Sátidé ni ṣájà Ìyá Ìbejì ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni dikódà wọn ti wà nílẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì tíì wo bọ́ọ̀lù kankan. Ó kí mi láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo mọ irú kíkí tó jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ rán ẹnì kan wá, ìgbàkígbà ló lè wá, àfi òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni oníbàárà yín,
Tíṣà físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìlódè.