Ẹ̀pà Màmá

Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Mo rí fọ́tò àwọn ọmọ. Táyé ti gbé orí bàbá rẹ̀ wá pátápátá, kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ mọ́. Ṣadé ti bímọ, ọkùnrin ni. Lánlọ́ọ̀dù ti fowó kún owó ilé. Iná? Má wulẹ̀ bèèrè.

Ọ̀rọ̀ eku ni mo bá wá. Máa rẹ́rìn-ín lọ. Àwọn eku funfun tí à ń fi aflatoxin, oró tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bu, sí oúnjẹ wọn, a ti ń wo ẹ̀dọ̀ wọn lábẹ́ maikirosíkóòpù báyìí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí kò lárùn kì í dá dúró. Èròjà kan wà lára rẹ̀, E-cadherin, tó fi ń di èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Kálísíọ́mù ló sì ń jẹ́ kó dì í mú gírígírí. A kun èròjà yẹn ní àwọ̀. Nínú ẹ̀dọ̀ eku tí kò jẹ májèlé, lẹ́bàá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wọlé, ilà búráùn tín-ín-rín yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká bí ojú tí wọ́n lé tìróò sí. Ó rẹwà, má purọ́ fún ara rẹ. Mo wá bọ́ sí ẹ̀dọ̀ èyí tó jẹ májèlé, níbi tí kókó jẹjẹrẹ ti yọ: ilà já níhìn-ín, ó ṣá lọ́hùn-ún, níbòmíràn kò tilẹ̀ sí mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí kò di ẹnìkankan mú mọ́, ó rọrùn fún un láti ṣí lọ, títí dé ẹ̀dọ̀fóró.

Màmá yín ló sọ sí mi lọ́kàn.

O kúkú mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀pà. Èyí tó dára ń lọ sọ́jà. Èyí tó ti bu, tó hu nǹkan aláwọ̀ ewé lára, Màmá á yan án, wọn á fi mu gààrí, torí owó kì í ṣe ohun à ń dà nù. Inú ìbu yẹn gan-an ni aflatoxin ti ń wá, yíyan kò sì pa á tán. Ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti kọ́kọ́ tú: lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní Ìlú Ọba, ẹ̀pà lílọ̀ láti Brazil ló wà nínú oúnjẹ wọn. Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe tòlótòló. Mo ní eku ńkọ́? Wọ́n ní ẹ̀lírí inú ilé àwọn ń jẹ ẹ̀pà yẹn, ara rẹ̀ sì le. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ! Òótọ́ sì ni o: ẹ̀lírí ní ohun kan nínú ẹ̀dọ̀ tó ń yára sọ oró yẹn di aláìlágbára. Ti eku funfun kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, tiwa náà kò lágbára. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n bu ẹ̀pà lé mi lọ́wọ́. Èyí tó dára ni, kí n má parọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, mo rí wọn tí wọ́n fọwọ́ ti ìhà ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà, tí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n ní àpò táwọn gbé ni. Ó lè jẹ́ àpò. Wọ́n tún rù díẹ̀, àmọ́ ta ni kò rù nínú ọ̀wọ́n yìí?

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Má dárúkọ mi. Sọ pé o fẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún mẹ́dọ̀wú B, torí tí ìyẹn bá pàdé aflatoxin lára ènìyàn, ewu rẹ̀ ń pọ̀ gan-an ni, kí wọ́n sì ṣe síkáànù ẹ̀dọ̀. Èmi ni màá mú wọn lọ. Tí wọ́n bá ní kò sówó, sọ pé o ti san án. Èmi àti ìwọ á mọ bí a ṣe máa ṣe é. Tìrẹ ni wọ́n máa gbọ́. Pè wọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni,
Mopé