Ta ló gbé àkùkọ wa lọ?

Ìsọ̀ Porofíṣọ̀n Ìyá Ìbejì,
Ọjà Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Oṣù Kẹta, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe tíì alákùkọ,
Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÀPÒ TUNTUN TÍ Ẹ WỌ̀ FÚN TÍÌ ALÁKÙKỌ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta tíì yín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn mi ni ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi máa ń wà, èkejì á sùn sínú páálí òfìfo. Lónìí ọ̀kan ti lọ́kọ, èkejì ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ẹ fowó lé ọjà, mi ò kọ̀wé. Ẹ fi ike rọ́pò agolo, mo ráhùn díẹ̀ nítorí àwọn tó ń fi agolo yín wọn gàrí, mi ò kọ̀wé. Èyí tí ẹ ṣe lóṣù méjì sẹ́yìn ló mú kí n pe Ìdòwú ọmọ mi jókòó, kí n máa sọ, kó máa kọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan tó jọ pé wọn ò mọ̀ ní ọ́fíìsì yín. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àpò yẹn, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Sábó níbí. Alákùkọ là ń pè é. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ á sáré dé, á mí hẹlẹ, á ní, "Ìyá Ìbejì, màámi ní kí ẹ fún mi ní alákùkọ méjì." Àwọn tó ń wá nájà láti Orílé-Ìgbọ́n àti Ìkòyí-Ilé, alákùkọ ni wọ́n ń béèrè. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò mọ "a" yàtọ̀ sí "b", ṣùgbọ́n bí ẹ bá to oríṣi tíì mẹ́wàá síwájú rẹ̀, tiyín ni yóò nawọ́ mú. Àkùkọ pupa tó na ọrùn sókè, tó lanu tó ń kọ, lórí àpò tó pọ́n bí ọsàn: lẹ́tà kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n kà láyé rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la sì ń tajà níbí. Mílíìkì ní àwòrán tí a fi ń pè é, tòmátò inú agolo ní tirẹ̀, ìṣáná pàápàá ní tirẹ̀. Àwòrán yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lójú wa. Orúkọ ọjà ni.

Wàyí o, mo tú páálí tí mọ́tò yín já fún mi, mi ò rí àkùkọ. Àpò funfun tó ń dán ni mo rí, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti wá tínrín bí ìkọ̀wé dókítà, ọmọge kan tó wọ ṣòkòtò, tó ki nǹkan bọ etí, ń fò sókè lábẹ́ rẹ̀. A ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ṣi ẹrù já fún mi ni. Mo pe dílà yín, ó ní, "Màmá, bí yóò ṣe máa rí nìyẹn o. Wọ́n ti tún un ṣe." Tún kí ni ṣe? Kí ló bàjẹ́ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ẹni tí mo kọ́kọ́ tà á fún ni ìyá ẹlẹ́kọ tó ń jókòó síwájú ìsọ̀ mi. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá Ìbejì, tíì ni mo ní kí ẹ fún mi, mi ò ní kí ẹ fún mi ní ọṣẹ ẹlẹ́bú." A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi, nítorí ohun tí wọ́n wá ń sọ ni pé fékì ni mò ń tà. Tí ọjà bá ṣàdédé pàwọ̀ dà nílùú yìí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn nìyẹn, a sì ní ìdí. Mo fi nọ́ńbà NAFDAC hàn wọ́n, mo mú àpò àtijọ́ kan tì í, nọ́ńbà kan náà ni. Obìnrin kan wò mí, ó ní, "Ṣé àwọn tó ń ṣe fékì ò mọ nọ́ńbà kọ ni?" Kí ni kí n fi dá a lóhùn? Mo so àtijọ́ àti tuntun kọ́ pa pọ̀ síwájú ìsọ̀. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé wọ́n ti ya gbogbo alákùkọ tán, àwọn ọmọge yín sì ń fì nínú atẹ́gùn, eruku ń bò wọ́n. Páálí mẹ́fà ló ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Dílà ní òun ò gbà á padà, pé kò bàjẹ́.

Gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ owó ni. Èyí tó dùn mí ju owó lọ ni ti Bàbá Tísà.

Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ní ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí ẹ ṣe láìfi ṣúgà sí ló sì ń rà lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́fà. Tẹ́lẹ̀, àpò búlúù ni ẹ fi ń di ìyẹn, tí àkùkọ rẹ̀ jẹ́ funfun. Ẹni tó bá ń sùn pàápàá kò lè ṣì í mú. Ní báyìí, méjèèjì ló funfun, méjèèjì ló ní ọmọge, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ ni ẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀: ti ìkíní jẹ́ àwọ̀ ewé, ti ìkejì jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ ọmọ rẹ̀ wá rà á, wọ́n ti múná lọ, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń tajà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi mú oníṣúgà fún un. Ọjọ́ kejì ni Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ dé ìsọ̀ mi, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Wọ́n ní adùn rẹ̀ ni àwọn fi mọ̀, pé lẹ́yìn tí àwọn ti mu ún tán ni. Mo kúnlẹ̀ láàárín ọjà. Ọlọ́run bá mi ṣe é, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi awò ojú wọn ka gbogbo ohun tí wọ́n bá rà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn àti iwájú, kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tó fọkàn tán mi fún ọdún mẹ́fà.

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìdòwú, tó ń kàwé ní LAUTECH, gbé fóònù rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin nìkan kọ́ o." Ó wá ka ti omi ọsàn Tropicana ti Amẹ́ríkà fún mi. Odindi ọsàn kan tí wọ́n ti sítírọ́ọ̀ bọ̀ ló máa ń wà lára páálí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, PepsiCo tó ni ín nígbà náà yọ ọsàn yẹn, wọ́n fi ife omi ọsàn rọ́pò rẹ̀. Ohun tó wà nínú páálí kò yí padà. Síbẹ̀ àwọn oníbàárà fárígá, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń pè wọ́n lórí fóònù. Àwọn kan ní ó wá jọ ọjà pọ́ọ́kú, àwọn míì ní àwọn ò dá èyí tí wọ́n sẹ́ mọ́ tónítóní mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ní ẹran ọsàn nínú. Kí oṣù méjì tó pé, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ọjà tí wọ́n ń tà ti lọ. Oṣù kejì ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kéde pé ọsàn onísítírọ́ọ̀ ń padà bọ̀. Ó tún ka ti Coca-Cola, pé ní ìparí ọdún 2011 wọ́n sọ agolo pupa di funfun, àwọn èèyàn ń ṣì í mú mọ́ èyí tí kò ní ṣúgà, ni wọ́n bá sáré dá pupa padà kí ọdún náà tó tán.

Mo bi Ìdòwú pé, ṣé àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn kò mọ̀wé ni? Ó ní wọ́n mọ̀wé. Mo ní, ó dáa. Bí ẹni tó mọ̀wé bá lè wá ọjà rẹ̀ tì nínú ilé ìtajà tí iná ń tàn yòò, kí ni ẹ fẹ́ kí ìyá mi ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Àwọn tó rà á ń sọ pé tíì náà kì í dúdú mọ́, pé omi ń hàn nínú ife. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ni wọ́n fi ń mu tíì. Nígbà tí ẹjọ́ pọ̀, mo gbé àpò àtijọ́ kan àti tuntun kan lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, nítorí òun ló ní òṣùwọ̀n tó lè wọn nǹkan kékeré. Ìyàtọ̀ wà. A wá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìwọ̀n tí ẹ kọ sára rẹ̀ kàn: 20 gíráàmù lórí àtijọ́, 16 lórí tuntun, ní ojú ibi tí ẹ ti lẹ ọ̀rá pọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà eérú lórí funfun. Ẹni bá ra márùn-ún ti fi odindi ọ̀kan ta yín lọ́rẹ. Iye owó ò sì dín kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé kòkó tí ẹ fi ń ṣe tíì ti wọ́n; lọ́dún 2024 a gbọ́ pé tọ́ọ̀nù kan ju 10,000 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Ọlọ́jà ni èmi náà. Ìyá tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò bá lè bu èènì mọ́, á wí i jáde pé "Ẹ má bínú, kò sí èènì lónìí," a ó sì rà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin bù nínú ojúlówó ọjà, ẹ fi ọmọge tó ń fò dí wa lójú.

Mi ò ní purọ́ mọ́ yín, ọ̀rá tuntun yẹn nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tíì ò ní dì nínú rẹ̀ bí òjò bá dé. Ṣùgbọ́n ó nípọn débi pé ọwọ́ ò ya á mọ́, sísọ́ọ̀sì ni mò ń so mọ́ ìdí báyìí.

Ohun tí mò ń fẹ́ kò le. Ẹ dá àkùkọ padà. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọmọge yẹn tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé àkùkọ dání. Nítorí ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé àwọn oníjìbìtì ò ní jẹ́ kí àwòrán yẹn ṣòfò. Ẹnìkan yóò rọ ohun tí kò dáa sínú àpò alákùkọ, àwọn èèyàn wa yóò sì rò pé tiyín ló padà dé. Èyí tí kò ní ṣúgà, ẹ fi búlúù rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ìyẹn ò ṣeé fi ṣeré. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbi tí ojú yóò ti rí i. Kí dílà yín wá kó páálí mẹ́fà tó wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ yí nǹkan padà lọ́jọ́ iwájú, rédíò Ajílété wà níbí, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ fún wa kí mọ́tò tó dé. Ìdòwú ní òfin ọdún 2018 ti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ àlàyé ọjà ní èdè tó yé e. Mi ò tíì lọ sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ wá.

Mo fi àpò mẹ́rin sínú lẹ́tà yìí: oníṣúgà àti aláìníṣúgà, àtijọ́ méjì, tuntun méjì. Ẹ gbé wọn lọ sílé, ẹ pa iná, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ pe ìyá yín àgbà kó bá yín mú èyí tí kò ní ṣúgà.

Èmi ni tiyín,

Ìyá Ìbejì,
oníporofíṣọ̀n, Ọjà Sábó.
(Ìdòwú ló bá mi kọ ọ́.)