Ọmọ mi, kó o tó sítáàtì mọ́tò nínú sínóò

Ọmọ mi àtàtà, ọ̀kun o. Ará ilé ní Kabba ń kí ẹ, bàbá ẹ ń kí ẹ. Ọyẹ́ ti dé síbí, a kì í rí orí òkè mọ́ láàárọ̀, ètè gbogbo wa ti bó, àwọn àbúrò ẹ ń pariwo òtútù òtútù, èmi ń wò wọ́n lásán ni, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹ ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún.

O sọ lórí fóònù pé sínóò yẹn, yìnyín funfun tó ń já bọ́ bí òwú, rẹwà, pé kò tiẹ̀ dún tó bá ń já. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Òjò tiwa máa ń kìlọ̀, á ṣú, á sán ààrá, èèyàn á sáré ká aṣọ. Sínóò ò ní kìlọ̀ fún ẹ, wàá sùn, wàá jí, mọ́tò ẹ ti wọlẹ̀.

Ìgbà tí mo wà ní Boston, tí ìwọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, 2014 wọ 2015, sínóò tó já níbẹ̀ ò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ínṣì 110.6 lápapọ̀, ó ga ju ilẹ̀kùn pálọ̀ wa lọ. Òkìtì tí wọ́n kó jọ, Júláì ló tó yọ́ tán, ó ti dúdú bí èédú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí ilẹ̀kùn, sínóò dúró síbẹ̀ bí ògiri, ó dé ìbàdí mi, gbogbo ọnà ara ilẹ̀kùn ti tẹ̀ sí i lára.

Mo fi ṣọ́bìrì kó o fún bíi wákàtí méjì, mo kó tiwájú mọ́tò, mo nu gíláàsì, ìka mi ò mọ nǹkan kan mọ́, mo bá wọ inú mọ́tò, mo sítáàtì ẹ̀, mo tan hítà kára mi lè móoru. Ẹ̀yìn mọ́tò ṣì rì sínú sínóò o. Sàlẹ́ńsà ò ríbi tú èéfín sí, inú mọ́tò lọ́dọ̀ mi ló ń padà sí, májèlé tó ń pani nínú èéfín yẹn ò sì rùn rárá. Orí ń fọ́ mi, oorun ń kùn mí, mo rò pé àárẹ̀ ni. Bàbá arúgbó ilé kejì ló fi igi ṣọ́bìrì gbá gíláàsì, ó ṣílẹ̀kùn, ó fà mí jáde. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí.

Torí náà ẹ̀yìn mọ́tò ni kó o kọ́kọ́ kó, jọ̀ọ́, kó o rí ẹnu sàlẹ́ńsà pẹ̀lú ojú ẹ kó o tó sítáàtì. O mọ̀ pé mi ò jẹ́ kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ní pásééjì láé, èéfín kan náà ni.

Buffalo tó o wà yẹn, atẹ́gùn tútù máa ń gba orí adágún Erie kọjá, á fa omi ibẹ̀ sókè, á wá dà á lé yín lórí ní sínóò. Ní December 2022 èèyàn tó lé ní 40 ló kú níbẹ̀ àti ní àyíká ẹ̀, àwọn kan inú mọ́tò ni wọ́n ti bá wọn. Tí wọ́n bá ní kẹ́nikẹ́ni má jáde, jókòó sílé jàre, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ò tó nǹkan. Tó bá ká ẹ mọ́ ojú títì, má sọ̀ kalẹ̀ pé o fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, dúró sínú mọ́tò, fi bùláńkẹ́ẹ̀tì, omi àti gàrí sí búùtù láti ìsinsìnyí.

Tí àgbàlagbà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, bá a kó ẹnu ọ̀nà ẹ̀, kíkó sínóò lè dá ọkàn àgbà dúró.

Tó bá ti ń já, fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí mi, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru níbí, mi ò ní pa fóònù.

Màmá ẹ.